Ọmọ mi ń lọ sí Leysin: kí ni kí n dì fún un?

Ìyá Tómi: Ẹ̀yin ará, ọmọ mi fẹ́ wọ ilé-ìwé lórí òkè Leysin, ní Swítsàlandì. Ṣé òtútù ò ní pa á?

Ará Òkè: Ẹ má fòyà, mà. Mo lo ọdún méjì níbẹ̀. Láti Aigle, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, reluwé tí irin rẹ̀ ní eyín ló ń gbé wa gòkè. Oòrùn ibẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyẹn tí Dókítà Rollier fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi oòrùn tọ́jú àwọn oníkọ́-ife níbẹ̀ ní 1903. Bákónì tí wọ́n ń tẹ́ aláìsàn sí nígbà náà, èmi ń sá ìbọ̀sẹ̀ sí i. Ó máa ń gan bíi pańla!

Ìyá Tómi: Oúnjẹ ńkọ́?

Ará Òkè: Wàràkàṣì, wàràkàṣì, wàràkàṣì.

Màmá Ìbejì: Ẹ di ata gígún fún un o. Gààrí náà.