Àgbàrá ń wọ ṣọ́ọ̀bù nígboro Òṣogbo: kí ni ká kọ́kọ́ ṣe kí òjò tó le?

Ọlọ́jà Ìgbọ̀nà (ìbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá títì, nítòsí Ìgbọ̀nà ní Òṣogbo. Ìrẹsì, gàrí, mílíìkì alágolo àti ẹlẹ́rìndòdò ni mò ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ló so kọ́ra, èmi ni mo wà ní ìkẹta. Bí òjò ńlá bá rọ̀ tó ìṣẹ́jú 30, gọ́tà á kún, omi á gba ẹnu ọ̀nà wọlé, á sì ga tó ínǹṣì 4 nínú ilé.

Bíríkìlà kan ní kí n fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹnu ọ̀nà sókè. Èkejì ní kí n da kọnkéré bo gọ́tà pátápátá kí omi má lè yọ mọ́. Lanlọ́ọ̀dù ní kò sówó lọ́wọ́ òun, àmọ́ òun ò ní dí mi lọ́wọ́. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Sìmẹ́ńtì mélòó ló máa gbà? Kí ni kí n sì ṣe sí ọjà tí omi bá ti kàn?

Bíríkìlà Òkè-Fìà

Ẹ kú ọjà o, Ìyá wa. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ọ̀nà mẹ́ta ni omi máa ń gbà wọ ṣọ́ọ̀bù: láti iwájú, láti inú ilẹ̀, àti láti ara ògiri ẹ̀yìn níbi tí páànù ará ẹ̀yìn ń da omi sí. Iṣẹ́ ọ̀kan kì í wo èkejì sàn.

Ti inú ilẹ̀ rọrùn láti mọ̀. Ẹ gé ọ̀rá tó nípọn, bàtà 2 ní ìbú, bàtà 2 ní òró. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ gbígbẹ nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ fi tépù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rá, inú ilẹ̀ ló ti ń wá. Bó bá jẹ́ òkè ọ̀rá nìkan ló tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gíga. Ẹ ra hóòsì tó mọ́ gaara, tó gùn tó bàtà 30, ẹ rọ omi kún un, kí atẹ́gùn kankan má ṣẹ́kù sínú rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá wà níbẹ̀, irọ́ ni yóò pa fún yín. Kí ẹnì kan di orí kan mú nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ẹlòmíràn di èkejì mú lórí títì. Ibi tí omi bá dúró sí lórí méjèèjì, gíga kan náà ni. Ẹ wọn láti ojú omi yẹn sílẹ̀ níbi mẹ́ta: ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, etí gọ́tà lọ́dọ̀ yín, àti etí títì. Ẹ wọn bí gọ́tà ṣe jìn tó pẹ̀lú, kí ẹ sì rìn tẹ̀lé e títí dé ibi tó já sí. Ẹ mú èsì wá ká wò ó.

Ọlọ́jà Ìgbọ̀nà

A ti wọ̀n ọ́n. Abẹ́ ọ̀rá gbẹ. Ògiri ẹ̀yìn gbẹ. Etí gọ́tà lọ́dọ̀ mi fi ínǹṣì 2 rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, àmọ́ etí títì fi ínǹṣì 5 ga ju ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù lọ. Gọ́tà fẹ̀ ní bàtà 2, ó jìn ní bàtà 2, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ àti ọ̀rá piọ wọ́tà ti gba ínǹṣì 16 níbẹ̀. Bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀, ilé kan wà tí wọ́n da kọnkéré bo gọ́tà iwájú rẹ̀ tó bàtà 20, kò sí ojú kankan lórí rẹ̀. Omi dúró sókè ibẹ̀, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gbẹ.

Bíríkìlà Òkè-Fìà

Ó ti yé wa. Títì tí wọ́n ń dà lé ara wọn ló fi ga ju ṣọ́ọ̀bù yín lọ. Bí gọ́tà bá kún, omi ò lè gun títì, ọ̀dọ̀ yín ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ibi tí ìdí ọ̀rọ̀ wà ni abẹ́ kọnkéré bàtà 20 yẹn. Bí ẹ bá fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà tí ẹ ò ṣí ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù kejì ni omi yóò yà sí, ìjà ará ọjà ni yóò sì bá yín.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kíkó, kí ẹ máa bọ̀ wá sókè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kó ti iwájú ara rẹ̀, òjò kan péré ni yóò gbá ẹrẹ̀ òkè wá dí i padà. Iwájú ṣọ́ọ̀bù bàtà 12 kan, pẹ̀lú ẹrẹ̀ ínǹṣì 16, máa jẹ́ bàrò bíi 14. Ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wọ bàrò 56, nítorí náà ẹ wá ọkọ̀ tí yóò kó o lọ kí ẹ tó kan ṣọ́bìrì mọ́lẹ̀. Ẹrẹ̀ tí wọ́n bá kó jọ sétí gọ́tà, inú gọ́tà náà ni òjò tó ń bọ̀ yóò gbá a padà sí. Ojoojúmọ́ là ń rí èyí nígboro, ó sì ń dùn mí, torí owó iṣẹ́ ti jáde ná.

Ní ti abẹ́ kọnkéré, ẹ so orí ọkọ́ mọ́ igi ọparun gígùn, kí ẹ máa wọ́ ẹrẹ̀ jáde láti ìsàlẹ̀. Tí kò bá dé àárín, àfi kí wọ́n gé ojú bàtà 2 sí àárín kọnkéré náà, kí wọ́n sì dé e pẹ̀lú ìdérí tó ṣeé gbé.

Tí ẹrẹ̀ bá tán, ẹ fi hóòsì wọn ìsàlẹ̀ gọ́tà. Láàárín bàtà 100, ó yẹ kó fi ínǹṣì 6 rẹlẹ̀, ó kéré tán. Ibi tó bá ti tẹ́jú tàbí tó kòtò ni ẹrẹ̀ yóò tún kọ́kọ́ jókòó sí.

Ọmọ Alẹ́kúwodò

Èmi ò rí ohun tó burú nínú kí wọ́n bo gọ́tà pa o. Ọmọ ń já sínú rẹ̀, ọ̀kadà ń já sí i, àwọn ènìyàn sì ń da ìdọ̀tí sí i ní gbangba. Ẹ bò ó, ó tán.

Bíríkìlà Òkè-Fìà

Àbúrò, òótọ́ ni ti ọmọ àti ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n kọnkéré tí kò ṣeé ṣí ló fa omi tí à ń sọ yìí gan-an. Ìdérí tó ṣeé gbé ni kí wọ́n ṣe, ẹyọ ẹyọ. Fún iwájú bàtà 12, 8 ni yóò gbà: kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní bàtà 3, kó fẹ̀ ní ínǹṣì 17, kó nípọn ní ínǹṣì 4. Bàtà 3 yẹn yóò jẹ́ kó jókòó ní ínǹṣì 6 sí etí méjèèjì. Ẹ fi àyè ínǹṣì 1 sáàárín wọn kí omi títì lè ríbi wọlé.

Irin 12mm mẹ́rin ní òró, irin 10mm mẹ́rin ní ìbú, kí wọ́n fi wáyà dì wọ́n. Ìsàlẹ̀ ni irin 12mm máa wà, ínǹṣì 1 péré sí ilẹ̀ mọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá fi í sí àárín tàbí òkè, ìdérí á là lọ́jọ́ tí ènìyàn mẹ́ta bá dúró lé e, torí ìsàlẹ̀ ni ẹrù ti ń fà á ya. Ẹ tẹ irin 10mm bàtà 2 kí ó rí bí ọwọ́ agbọ̀n, méjì fún ìdérí kan, kí ó yọ lókè fún gbígbé. Ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ bá wà ni òkè, kí ẹnikẹ́ni má dà á dé. Ọ̀pá 12mm 3 àti 10mm 2 yóò tó fún mẹ́jọ̀ọ̀jọ.

Àpò sìmẹ́ńtì 3 ni ẹ máa rà, díẹ̀ á ṣẹ́kù. Fún àpò 1: yanrìn rọ́bà ọ̀dà lítà 20 mẹ́ta ààbọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ rọ́bà 7, omi rọ́bà 1 àti díẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ fẹ́ràn kí omi pọ̀ kí ó lè rọ̀ láti dà, ẹ má gbà fún wọn, kọnkéré tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ kì í le. Ẹ fi àpò tútù bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, ẹ má sì gbé e kí ọjọ́ 14 tó pé. Ìdérí kan á súnmọ́ kílò 100, ọkùnrin mẹ́rin ni kó gbé e. Èyí wà fún ẹsẹ̀ ènìyàn àti bàrò. Bí ọkọ̀ yóò bá gùn ún, ẹ jẹ́ kó nípọn ní ínǹṣì 6, kí ẹ sì fi irin kún un.

Wọléwọlé Tó Fẹ̀yìntì

Ìyá, ẹ má dá lọ bá ẹni tó ni kọnkéré yẹn o. Ẹ lọ bá Ìyálọ́jà, kí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àwọn tó wà lókè yín jọ fọwọ́ sí ìwé kan. Ẹ kọ ọ́ sí káńsù, sí ẹ̀ka ìmọ́tótó àyíká, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹ̀ka iṣẹ́ òde. Ẹ so fọ́tò méjì mọ́ ọn: èyí tí omi dúró sókè kọnkéré, èyí tí ìsàlẹ̀ gbẹ, kí ọjọ́ hàn lára wọn. Ẹ gba òǹtẹ̀ sára ẹ̀dà tiyín. Ohun tí ẹ ń béèrè ni kí wọ́n gé ojú sí i. Tí ẹ bá béèrè pé kí wọ́n fọ́ gbogbo rẹ̀, onílé á gbógun. Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un, àmọ́ ọwọ́ ẹnì kan ò tó gọ́tà tó kọjá iwájú ilé mẹ́wàá. Àwọn tó ti gbọ́njú nígbà náà nínú wa mọ ohun tí ìṣàn tó dí fojú Ìbàdàn rí nígbà tí odò Ògùnpa kún ní ọjọ́ 31 oṣù Ògún 1980.

Ẹ tún kíyè sí èyí: bí gọ́tà yín bá ń já sí ìṣàn tó wọ Odò Ọ̀ṣun, ọjọ́ kan wà tí odò fúnra rẹ̀ yóò ga ju ẹnu gọ́tà lọ. Lọ́jọ́ náà, bí gọ́tà tilẹ̀ mọ́ féfé, omi ò ríbi lọ. Ìdí nìyí tí ẹ fi nílò ìdènà ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú, kì í ṣe dípò gọ́tà o.

Ní ti ọjà. Omi gọ́tà ní omi ṣalángá nínú. Ìrẹsì, gàrí, ẹ̀wà, ìyẹ̀fun, ṣúgà, mílíìkì inú ọ̀rá tàbí páálí, bí omi bá ti kàn wọ́n, ẹ dà wọ́n nù. Sísá sóòrùn ò pa kòkòrò àìsàn tó ti wọnú wọn. Ẹlẹ́rìndòdò ìgò àti ti ike náà, ẹ dà á nù: omi ẹlẹ́gbin ń há sábẹ́ ìdérí, fífọ̀ kì í sì í dé ibẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí le fún ọlọ́jà, ṣùgbọ́n ẹnu oníbàárà ló ń lọ. Agolo nìkan ni a lè gbà là, tí kò bá tẹ̀, tí kò wú, tí kò sì dípẹtà. Ẹ yọ ìwé ara rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó mọ́ fọ̀ ọ́, kí ẹ rì í sínú omi lítà 4 tí ẹ fi Hypo ṣíbí ńlá 2 sí, fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ ìparí rẹ̀ sára agolo padà.

Kí omi má tilẹ̀ kàn wọ́n ló dára jù: ẹ to gbogbo àpò sórí pákó tó ga tó bàtà 1, kí ó jìnnà sí ògiri ní ínǹṣì 4 kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀. Agolo lè wà nísàlẹ̀, gàrí lókè.

Oníná Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì yín. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ìgboro, bàtà 1 sílẹ̀ ni wọ́n fi í sí. Ẹ gbé e sókè sí bàtà 4, kí wáyà sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá, kó má gba ìsàlẹ̀ ògiri. Bọ́ọ̀dù onísọ́kẹ́ẹ̀tì tó máa ń sùn sílẹ̀, ẹ fi ìṣó kọ́ ọ.

Bí omi bá ti wọlé tán tí iná wà, ẹ má gba inú omi lọ pa iná. Bí ibi tí wọ́n ti ń pa á kò bá sí ní ibi gbígbẹ, ẹ dúró síta kí ẹ pe oníná. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá rì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń sá a sóòrùn kí wọ́n tún lò ó: ẹrẹ̀ tó gbẹ sínú rẹ̀ máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, iná á máa rin lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jó. Fíríìjì tí omi bá dé ibi mọ́tò rẹ̀, ẹ má tanná sí i kí oníṣẹ́ tó tú u wò.

Agbani-nímọ̀ràn Ilé Gbígbà

"Òun ò ní dí mi lọ́wọ́" tí lanlọ́ọ̀dù sọ ò tó. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iṣẹ́ wo ni, iye tó máa ná yín, àti pé ẹ máa yọ ọ́ nínú owó ilé ọdún tó ń bọ̀, ní iye báyìí. Kí lanlọ́ọ̀dù buwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí kan. Ẹ tọ́jú ìwé ẹ̀rí gbogbo ohun tí ẹ rà. Láìsí èyí, lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù bá ti dára tán, ó lè fi owó lé e tàbí kó fún ẹlòmíràn.

Ọlọ́jà Ìgbọ̀nà

Ẹ ṣeun gidi gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó ku ẹnu ọ̀nà. Ó fẹ̀ ní bàtà 4. Ṣé kí n gbé ilẹ̀ inú ṣọ́ọ̀bù sókè ni?

Bíríkìlà Òkè-Fìà

Rárá, Ìyá. Bí ẹ bá gbé ilẹ̀ sókè ní ínǹṣì 9, ẹnu ọ̀nà bàtà 7 á di bàtà 6 àti ínǹṣì 3, ẹ ó tún fọ́ líńtẹ́ẹ̀lì. Ìdènà tó ṣeé yọ ni kí ẹ ṣe.

Kí wẹ́dà fi irin áńgù ínǹṣì 2 ṣe ojú ìtẹ̀bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn méjèèjì, níta, kí ó ga ní bàtà 1 ààbọ̀. Pákó líle tó nípọn ní ínǹṣì 1 ààbọ̀, tó ga ní bàtà 1, ni yóò máa wọ̀ ọ́. Ẹ gé túùbù táyà ọkọ̀, kí ẹ kàn án mọ́ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ pákó náà, òun ló ń dí ibi tí ilẹ̀ ò tẹ́jú. Omi yín ò lè ju ínǹṣì 5 lọ kó tó gun títì, ohun tó kù nínú bàtà 1 yẹn wà fún ìgbì tí ọkọ̀ ń dá sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tirẹ̀ ga ju bàtà 2 lọ: omi tó bá ga jù níta tí inú sì gbẹ lè ti ògiri búlọ́ọ̀kù wó.

Ẹ rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri iwájú pẹ̀lú, sìmẹ́ńtì 1 sí yanrìn 3, dé bàtà 2, kí ẹ fi oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọ sìmẹ́ńtì sínú rẹ̀, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀. Bí ẹ ò bá ṣe èyí, omi á gba ara búlọ́ọ̀kù wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó.

Bí owó pákó ò bá tíì sí, àpò yanrìn ni. Ẹ bù ú dé ìdajì péré kí ó lè tẹ́, ẹ ká ẹnu rẹ̀ sábẹ́, ẹ tò ó bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù, kí èyí tó wà lókè máa bo ìsopọ̀ tìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ọ̀rá nínípọn bo ẹ̀gbẹ́ tí omi ti ń bọ̀.

Kíkó ẹrẹ̀ ni kí ẹ fi ṣáájú, lọ́sẹ̀ yìí bó bá ṣeé ṣe. Ẹ da ìdérí lẹ́yìn rẹ̀, kí ọjọ́ 14 rẹ̀ pé kí oṣù Òkúdù tó wọlé. Bí ẹ bá pẹ́ jù, ìsinmi òjò inú oṣù Ògún ni àyè kejì, kí ti oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ tó dé.