Ìfọ́júfò kọ́: awakọ̀ òfuurufú tó wà nínú ìkùukùu kò fọ́jú

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ yìí, mo kí gbogbo yín.

Láti ọjọ́ tí arákùnrin wa láti Ìjẹ̀bú-Igbó ti fi ọ̀rọ̀ tuntun rẹ̀, ìfọ́júfò, ránṣẹ́ sí wa ni mo ti ń retí kí ẹni tó jù mí lọ fèsì, ṣùgbọ́n oríyìn nìkan ni mo ń kà. Ohun tó ń wá orúkọ fún ni ọ̀nà tí awakọ̀ òfuurufú ń gbà darí ọkọ̀ nígbà tí ìkùukùu tàbí ọyẹ́ bá bo ìta mọ́lẹ̀, tí kò rí ilẹ̀, tí kò rí ọ̀run, tó sì jẹ́ pé ohun tó ń kà lára pátákó iwájú rẹ̀ nìkan ló ń sọ bí ọkọ̀ ti dúró fún un. Àlàyé arákùnrin wa ni pé àwọn òyìnbó pàápàá pè é ní fífò bí afọ́jú, nítorí náà kí a má fi ṣe ẹjọ́. Èmi ó fi ṣe ẹjọ́, nítorí ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ, arákùnrin wa kò sì tíì wo ilé yìí dáadáa.

Òótọ́ ni pé wọ́n pè é bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1929, ní pápá Mitchel ní Long Island ní Amẹ́ríkà, awakọ̀ kan tó ń jẹ́ James Doolittle wọ inú ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, wọ́n bo ibi tó jókòó sí pátápátá, ó gbéra, ó lọ, ó yí padà, ó sì balẹ̀ láì rí ìta rárá. Benjamin Kelsey wà pẹ̀lú rẹ̀ nínú ọkọ̀ láti gbà á bí nǹkan bá yíwọ́, ṣùgbọ́n Doolittle ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Kí ni Doolittle fi ṣe é? Ojú rẹ̀ ni. Ó ń wo ohun tí Elmer Sperry kékeré ṣe láti fi ìdúró ọkọ̀ hàn, ó ń wo ohun tí Paul Kollsman ṣe láti fi wọn gíga, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé ojú kúrò lára wọn títí ó fi balẹ̀. Àwọn tó ni èdè tí arákùnrin wa ń tọ́ka sí ti pa orúkọ afọ́jú yẹn tì nínú ìwé òfin àti ìwé ẹ̀kọ́ wọn. Èwo wá ni ti àwa tí a fẹ́ lọ ṣa á wálé?

Àbúrò mi kan ní ìwé àṣẹ awakọ̀ aládàáni, ó sì ń fi Cessna 172, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan, gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Òun ló là á yé mi pé kì í ṣe ojú ló ń pa awakọ̀ nínú ìkùukùu, etí ni. Nínú etí wa lọ́hùn-ún, ọ̀nà tínínní mẹ́ta kan wà tí omi wà nínú wọn, omi yẹn ló sì ń sọ fún ọpọlọ bóyá orí ń yí tàbí ó dúró. Bí ọkọ̀ bá ń yí sí apá kan ṣáá láì yára, láì rọ̀, láàárín bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20 omi náà á ti bá a dọ́gba, etí á sì máa sọ pé ọkọ̀ ń lọ gbọọrọ. Bí awakọ̀ bá wá tún ọkọ̀ ṣe kó lọ gbọọrọ ní tòótọ́, etí á ní ó ti ń yí sí apá kejì, ọwọ́ á sì fẹ́ dá a padà síbi tó ti ń ṣubú lọ. Ní ọdún 1954, ní Yunifásítì Illinois, wọ́n mú awakọ̀ 20 tí kò kọ́ ọ̀nà yìí, wọ́n gba ìta lójú wọn. Gbogbo wọn ni ọkọ̀ bọ́ mọ́ lọ́wọ́, ìpíndọ́gba àkókò tí ó sì gbà jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 178, èyí tí kò pé ìṣẹ́jú 3. Ẹni tó là á já ni ẹni tó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ tó sì kọ etí ikún sí etí ara rẹ̀. Ẹ wò ó, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìfọ́jú.

Ti gírámà ló tún dùn mí jù. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láì fi àmì sí i, bí àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń kọ ọ́ lórí fóònù, kí ẹ sì sọ fún mi ohun tí ẹ rí. Ìfojúfò ni ẹ ó kà, ẹni tó bá sì gbọ́ Yorùbá á mú dá kún un lójú ẹsẹ̀: ìfojúfòdá. Ohun kan ṣoṣo tí awakọ̀ inú ìkùukùu kò gbọdọ̀ ṣe ni kó fojú fo ohun tó wà níwájú rẹ̀ dá, òun gan-an ni ọ̀rọ̀ tuntun yìí sì ń pe iṣẹ́ rẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ kan àti ohùn òkè kan ló ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á tún wo fò fúnra rẹ̀. Ẹyẹ ń fò, ọkọ̀ náà ń fò, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí fò bá ti gba àbọ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà: ó fo ògiri, ó fo kòtò, ó fo ojú ìwé méjì. Ẹni tó bá ní òun fo bàálù, ohun tí mo gbọ́ ni pé bàálù wà nílẹ̀, ó sì ta kọjá lórí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi lè gba ìfo-bàálù tí àwọn kan nínú wa ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ má sì gbàgbé ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa ẹni tó kú lójijì, pé ó fò ṣánlẹ̀. Èmi kò ní fi fò parí orúkọ iṣẹ́ tí a ń ṣe nítorí kí ọkọ̀ má baà já lulẹ̀.

Olùkọ́ àgbà wa láti Ìkẹ́nnẹ́ dábàá ìgbáraláago, aago ni wọ́n pe àwọn ohun tí awakọ̀ ń kà lára pátákó, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn, nítorí wọ́n ti kúrò níbi ìfọ́jú. Síbẹ̀ gbára lé kò bá iṣẹ́ náà mu. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré àtijọ́, ẹ̀rọ kan tó ń fa afẹ́fẹ́ lára ẹ́ńjìnnì ló ń mú òkòtó yí nínú aago méjì, èyí tó ń fi ìdúró ọkọ̀ hàn àti èyí tó ń tọ́ka ibi tí imú ọkọ̀ dojú kọ. Bí ẹ̀rọ yẹn bá kú, aago méjèèjì kì í kú lójú ẹsẹ̀. Òkòtó inú wọn á máa falẹ̀ díẹ̀díẹ̀, aago á sì máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀díẹ̀, awakọ̀ tó bá gbára lé e á máa tẹ̀ lé e lọ sí ìparun. Nítorí náà ni wọ́n fi ń kọ́ wọn pé kí ojú máa rìn: láti ìdúró ọkọ̀ sí gíga, sí eré, sí ibi tí imú kọ sí, sí yíyí, sí bí ọkọ̀ ti ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹ̀rí ọ̀kan dán ti èkejì wò. Ẹni tó ń ṣe báyìí ń wádìí lẹ́nu aago ni, kò gbára lé e.

Ohun tí èmi mú wá ni ìfaagotukọ̀: ì, fi, aago, tu, ọkọ̀. Fi yẹn ni mo dúró lé. Fi kò sọ pé a gbà á gbọ́, kò sì sọ pé a kò gbà á gbọ́. Ó sọ pé òun ni a fi ṣe é, gẹ́gẹ́ bí a ti ní ìfọkànsìn, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti ìfojúsọ́nà. Ọ̀nà tí àwọn bàbá wa ti là sílẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ tó máa béèrè bí a ti ṣẹ̀dá rẹ̀.

Arábìnrin wa láti Ṣágámù ta kò mí lórí aago. Ó ní aago tó ń ka wákàtí wà nínú ọkọ̀ náà lọ́tọ̀, òfin Amẹ́ríkà sì pọn ọ́n ní dandan fún irú ìrìn yìí, pé báwo ni a ó ṣe mọ̀ wọ́n yàtọ̀? Mo gbà pé ó wà níbẹ̀. Àní wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni: bí ọkọ̀ bá ń yí ní ìwọ̀n dígírì 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìṣẹ́jú 2 ló máa fi yí ká tán, awakọ̀ tí òkòtó rẹ̀ ti kú sì lè fi aago wákàtí mọ ìgbà tó yẹ kó dáwọ́ yíyí dúró. Ẹ pè é ní aago wákàtí bí ẹ bá fẹ́ ìyàtọ̀. Ó tún ní nínú àwọn ọkọ̀ tuntun, ojú gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n ló wà, kò sí ọwọ́ aago kankan lára rẹ̀. Ṣé ọwọ́ wà lára aago inú fóònù ni? Aago la ṣì ń pè é. Irinṣẹ́ tí ó fẹ́ kí a lò, ọkọ́ àti àdá àti òòlù ni mo ń rí nígbà tí mo bá gbọ́ ọ.

Lórí tu, n kò ní gba àtúnṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwòpin ni bàbá tó bí ìyá mi ti ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ lórí ọ̀sà, atukọ̀ ni wọ́n ń pè é, ní òru àti nínú kùrukùru òwúrọ̀. Ìwakọ̀ ni ti ẹnikẹ́ni tó bá lè mú ọkọ̀ rìn, àmọ́ ìtukọ̀ ni ti ẹni tó mọ ibi tó ń mú un lọ. Kí ẹ ṣáà fi ohùn sí i bó ti yẹ, nítorí ẹni tó bá tú ọkọ̀ ti tú u palẹ̀. Ẹnì kan kọ̀wé lánàá pé ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò yẹ kó máa kọ́ni ní ohùn Yorùbá àjùmọ̀lò. Mo ti fi ohùn yẹn kọ́ ọmọ ní ilé ìwé gírámà títí irun mi fi funfun, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn lónìí. Kó mú àṣìṣe kan jáde nínú ohun tí mo kọ, kó fi ìlú mi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan wa nílé. Pápákọ̀ òfuurufú Gateway wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn, àwọn ọmọ tó wà nítòsí rẹ̀ á sì fẹ́ mọ ohun tí awakọ̀ ń ṣe nígbà tí ọyẹ́ bá bò ó. Láti ọdún 1964 ni ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ òfuurufú ti wà ní Zaria, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ń kọ́ gbogbo rẹ̀. Wákàtí 40 ni òfin Amẹ́ríkà ní kí awakọ̀ fi ka aago láì wo ìta, ó kéré tán, kó tó gba àṣẹ irú ìrìn yìí. Ẹni tó ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀ yẹ fún orúkọ tó gbé e ga.

Ó ku aago àárín gbùngbùn, èyí tó ya ilẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àti ọ̀run sí òkè, tó sì ń fi hàn bí apá ọkọ̀ ti tẹ̀ àti bí imú rẹ̀ ti gbé sókè. Ẹ̀gbọ́n wa láti Ìṣarà ní afìdúróhàn ni, àwọn kan ní afọ̀runhàn. Ti ẹ̀gbọ́n wa ni mo fara mọ́, nítorí ìdúró ọkọ̀ ni awakọ̀ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mú afọ̀runhàn, kó dá mi lóhùn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kó sì jọ̀wọ́ fi àmì ohùn sí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.