Amp báàsì wo ni kí n rà tí iná Èkó ò fi ní jó o?

Àdùkẹ́ Báàsì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Bàrígà ni mò ń gbé. Mò ń ta gìtá báàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ládùúgbò wa, tó bá sì di Sátidé, èmi àti àwọn bọ̀ọ̀dá kan máa ń lọ ṣeré òde, nígbà míì Ìsàlẹ̀ Èkó, nígbà míì Ajá. Gìtá olókùn márùn-ún ni tèmi. Mi ò ní amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá sókè. Inú mixer ni mo máa ń ki wáyà mi bọ̀ tààrà, tí kò bá sì sí ààyè níbẹ̀, a máa yá amp ẹlòmíì.

Mo ti tu owó jọ, ó ń lọ sí ₦500,000. Mo dé Alábà, ohun mẹ́ta ni wọ́n fi hàn mí. Combo (amp àti sípíkà nínú àpótí kan náà) tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, sípíkà ínṣì 15 kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ 120V sí i lẹ́yìn, ó wúwo gan-an. Combo tuntun kan tí wọ́n kọ "2000 WATTS" gàdàgbà sí níwájú, owó rẹ̀ ò tó ìdajì ti tòkunbọ̀. Ìkẹta, head kékeré kan (amp tí kò ní sípíkà nínú) tí kò tóbi ju Bíbélì orí pẹpẹ lọ, pẹ̀lú àpótí sípíkà ínṣì 12 kan lọ́tọ̀. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní, "Àǹtí, 2000 yìí ni kẹ́ ẹ mú, á mi gbogbo ilé fún yín."

Èwo lẹ máa mú tó bá jẹ́ ẹ̀yin? Amp ṣọ́ọ̀ṣì wa jó lọ́jọ́ tí NẸ́PÀ ṣàdédé mú iná dé, ọ̀rọ̀ iná yìí ń bà mí lẹ́rù.

Bàbá Àríyá

Àbúrò mi, o káre. Kó tó di pé a sọ èwo lo máa rà, dá mi lóhùn: níbi tó o ti ń ṣeré, ta ló ń gbé báàsì lọ sétí èrò? Ṣé amp tìrẹ ni, àbí sípíkà ńlá tí wọ́n tò síwájú? Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Tí wọ́n bá ní subwoofer, ìyẹn sípíkà ohùn ìsàlẹ̀, tí báàsì rẹ sì ń gba inú mixer lọ síbẹ̀, kí ìwọ àti onílù lè máa gbọ́ ara yín nìkan ni amp rẹ wà fún. Kékeré tó dá ṣáká tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lóde abẹ́ kánópì, níbi tí olórin àti gángan ti gba gbogbo sípíkà, amp rẹ ló máa dá ẹrù gbé.

Gbọ̀ngàn ní ògiri tó ń dá ohùn báàsì padà. Títì tí wọ́n dí fún ìnáwó ò ní. Ohun tó ń dún kìkìkì nínú yàrá rẹ lè dé ojú títì kó parẹ́. Okùn E orí báàsì ń gbọ̀n nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn B tìrẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ò ju nǹkan bíi 31 lọ. Kí irú ohùn bẹ́ẹ̀ tó jáde, sípíkà gbọ́dọ̀ ti afẹ́fẹ́ púpọ̀. Sípíkà tó fẹ̀, tàbí tó pọ̀, tí wọ́n kan àpótí rẹ̀ dáadáa, ló ń ṣe é. Nọ́ńbà iwájú àpótí ò tì í.

Wáàtì náà tí gbogbo yín ń sáré lé: tó o bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) 3 péré lo rí. Látorí 300 bọ́ sí 600, ẹni tó ń jẹ ẹ̀bà lábẹ́ kánópì ò ní gbórí sókè. Fi àpótí kejì kún ti àkọ́kọ́, wàá rí i bí orí ṣe máa yí padà.

Má sì máa gé ohùn àárín kúrò lórí amp. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lẹ máa ń ṣe é, abẹ́ á dún bùù, òkè á dún ṣáṣá, ó dùn nínú yàrá. Tí kíbọ́ọ̀dù àti ìlù bá wọlé báyìí, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ mọ́. Àárín yẹn ni etí fi ń mọ ohùn tó ò ń tẹ̀.

Ọ̀gá Sódà

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú 2000 yẹn kúrò nílẹ̀. Ẹ wo fíùsì rẹ̀ lẹ́yìn. Tó bá jẹ́ 2A ni wọ́n fi sí i lórí iná 240V, nǹkan bí 480 wáàtì ni ohun tó lè máa gba ibẹ̀ kọjá kó pẹ́. Níbo ni 2000 ti máa wá jáde? RMS, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdúró, ni kí ẹ wá lára rẹ̀. "Peak" àti PMPO, ariwo ọjà ni.

Tòkunbọ̀ 120V ò burú lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná tiwa 230 sí 240 ni, ẹ bá kì í bọ ògiri bẹ́ẹ̀, èéfín lẹ máa rí. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá súwíìṣì 115/230 wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ẹ máa nílò transformer tó ń rẹ iná sílẹ̀, tí agbára rẹ̀ sì ju ohun tí amp ń fà lọ dáadáa: tí amp bá ń fà 400 wáàtì, ẹ ra transformer 1000. Òun náà wúwo o. Lọ́jọ́ kan sì rèé, ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ yín tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ á sáré ki amp bọ ògiri kẹ́ ẹ tó dé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wọ́n lórí tábìlì mi. Àwọn head kéékèèké tó ń jáde báyìí, púpọ̀ nínú wọn ló ń gba 100 sí 240 fúnra wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹ kà á lẹ́yìn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Tí ẹ bá ń padà lọ sí Alábà, gìtá tiyín àti wáyà tiyín ni kẹ́ ẹ gbé dání. Ẹ má gbà kí wọ́n fi orin inú fóònù dán an wò fún yín. Ẹ ta okùn B lófìfo, kẹ́ ẹ máa ṣí fólúùmù díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń dún kr̀kr̀kr̀, ẹ pa amp, ẹ gbé ìka ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bébà sípíkà, ẹ tì í wọlé jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yẹ kó wọlé kó sì padà jáde láìdún. Tí ẹ bá gbọ́ tó ń ha, kọ́ìlì rẹ̀ ti fara kan irin, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni í. Ẹ tún wo fóòmù tó yí bébà ká bó bá jẹ́ ti àtijọ́, ooru àti ọ̀rinrin máa ń jẹ ẹ́ títí á fi máa jábọ́ lọ́wọ́.

Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná ò wọ́n, ẹ mú u dání. Ohm ni wọ́n fi ń wọn bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó. Sípíkà 8 ohm tó yè, á ka nǹkan bí 5.5 sí 7 lójú mítà. Ti 4 ohm á ka nǹkan bí 3 sí 3.5. Tí kò bá ka nǹkankan, kọ́ìlì ti já.

Ọmọ Mushin Ẹlẹ́sẹ̀ Kan

Kí lẹ tún ń gbé amp fún láyé òde òní? Ẹ ra preamp DI tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, àpótí kékeré tó ń mú ohùn gìtá bá mixer mu, inú àpò gìtá ló ń wọ̀. Ẹ fún ẹni tó wà nídìí mixer ní wáyà, ó parí. Èmi ti ta tèmi.

Bàbá Àríyá

Tí ẹni tó wà nídìí mixer bá lọ bu ìrẹsì ńkọ́? 😂

Àdùkẹ́ Báàsì

Ẹ ṣeun gan-an. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, subwoofer méjì ló wà, wọ́n sì ń mú báàsì mi gba mixer. Lóde, nígbà míì sípíkà méjì lórí ẹsẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n máa gbé wá.

Ẹ ò bèèrè ta ló máa gbé e. Èmi ni o. Kẹ̀kẹ́ dé Ṣómólú, lẹ́yìn náà danfo gba Third Mainland lọ sí Ọbaléńdé. Tí kọ́ńdọ́ bá fi lè rí combo ínṣì 15 yẹn, owó èèyàn méjì ló máa gbà.

Ó tún ku ọ̀kan. Tí a bá ń lo jẹnẹrétọ̀, amp tá a yá máa ń kùn hùùùn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Tí mo bá fọwọ́ kan okùn gìtá, á rọlẹ̀ díẹ̀.

Kíbọ́ọ̀dù Ìyànà

Hùùn yẹn ò le. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì amp, ẹ gé wáyà earth inú rẹ̀. Gbogbo wa la ń ṣe é.

Ọ̀gá Sódà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọwọ́ yín wà lára okùn gìtá, ètè yín wà lára máíkì. Tí iná bá já sára irin amp tí wáyà earth ò sì sí, ara yín ló máa gbà kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti bu omi sílẹ̀ kí wọ́n tó gbálẹ̀ ló tún wá burú jù.

Bó ṣe ń rọlẹ̀ tí ẹ bá fọwọ́ kan okùn, àpẹẹrẹ pé ara yín ni gìtá ń lò bo ariwo mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wo inú gìtá náà, pàápàá ohun tó yẹ kó máa dáàbò bo wáyà rẹ̀ lọ́wọ́ ariwo. Ẹ tún wo bóyá ibi tí wọ́n ti ń fa iná sítéèjì ní earth rárá. Púpọ̀ jẹnẹrétọ̀ òde, wọn kì í so ó mọ́ ilẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá so amp mọ́ mixer ni hùùn ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ tẹ GROUND LIFT lára DI. Wáyà ohùn ni ìyẹn ń já, kì í fọwọ́ kan earth iná. Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí amp àti mixer jọ máa mu iná ní ojúlé kan náà. Tó bá jẹ́ inverter olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń lò, á máa dún zzz, kò sí ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i lára amp.

Jẹnẹrétọ̀: ẹ jẹ́ kó rìn kó balẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan amp. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í hú nítorí epo fẹ́ tán, amp ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pa. Fún iná NẸ́PÀ, ẹ ra ohun tí wọ́n ń pè ní fridge guard, ó ń já iná tó bá ga jù tàbí tó bá rẹlẹ̀ jù, ó sì ń dúró díẹ̀ kó tó dá a padà. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó amp. Tí iná bá lọ, ẹ fa amp yọ lára ògiri. Ìgbà tó bá ń dé gan-an ló ń pa nǹkan.

Onílé Láfíàjí

Èmi tí mo ń gbé lÉrékùṣù, ìtọ́jú ni màá sọ. Afẹ́fẹ́ òkun níyọ̀ nínú, ó ń jẹ gbogbo irin jáàkì. Ẹ rán aṣọ tó nípọn bo amp, ẹ má fi ọ̀rá bò ó mọ́jú, omi ló máa ṣẹ́ sínú rẹ̀. Aáyán fẹ́ràn inú amp torí ó máa ń móoru, ojú ihò fáànù ni wọ́n ń gbà wọlé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku ojú fáànù yẹn, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ọtí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ jókòó lórí amp, ìbáà ṣe ti ológun tó ń náwó.

Ohun kan wà tó ń gba owó lọ́wọ́ èèyàn lásán. Amp á máa dún, á dákẹ́, á tún dún. Wọ́n á ní pátákó inú rẹ̀ ti jó. Kẹ́ ẹ tó gbà wọ́n gbọ́, ẹ wá ihò méjì lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kọ SEND àti RETURN sí. Ẹ mú wáyà gìtá kúkúrú kan, ẹ ki orí kan bọ SEND, èkejì bọ RETURN. Tí ohùn bá dúró ṣinṣin, irin pẹlẹbẹ inú RETURN ló ti dógùn-ún. Lára ọ̀pọ̀ amp, ibẹ̀ ni ohùn ń gbà kọjá bẹ́ ò tilẹ̀ lò ó rí. Ẹ fín contact cleaner sí i, ẹ ki jáàkì bọ̀ ẹ yọ ọ́ léraléra, ó tán. Contact cleaner ni mo wí o, kì í ṣe epo tí wọ́n fi ń tú bóòtù.

Bàbá Àríyá

Mo rántí ilé ìtura kan ní Ìkẹjà. Ampeg SVT àtijọ́ ni wọ́n gbé síbẹ̀, irú tó jáde lọ́dún 1969, 300 wáàtì, gílóòbù (tube) ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ọkùnrin mẹ́ta la fi gbé e. Ohùn yẹn, háà! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí onígílóòbù rà, ẹ má tàn án láé tí sípíkà ò bá so mọ́ ọn, ó lè ba transformer inú rẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Àdùkẹ́, head kékeré yẹn ni kó o mú. Èmi tí mi ò fẹ́ràn nǹkan kékeré ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Tó o bá ti ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní subwoofer, head àti àpótí ínṣì 12 kan tó. Òde tó bá tóbi, gbé head nìkan lọ, kó o sọ fún wọn pé kí wọ́n yá àpótí sípíkà. Àpótí wà káàkiri Èkó láti yá, amp tó dá ọ lójú lo ò ní rí.

Àdùkẹ́ Báàsì

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Mo ti pe ọmọkùnrin yẹn, ó ka ẹ̀yìn head fún mi: 100–240V, 500 wáàtì ní 4 ohm, kò gbọ́dọ̀ kéré ju 4 ohm lọ. Àpótí ínṣì 12 yẹn 8 ohm ni. Ṣé á kéré nìyẹn? Àpótí ínṣì 15 kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí amp rẹ̀ ti jó, 4 ohm ni wọ́n kọ sí i. Ṣé mo lè so méjèèjì pọ̀?

Ọ̀gá Sódà

Ní 8 ohm, ẹ ò ní rí 500 yẹn tán, á máa lọ sí ìdajì rẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀. Ó tó fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Méjèèjì pọ̀, rárá. 4 àti 8 tẹ́ ẹ bá so pọ̀ á di nǹkan bí 2.67, ó sì ti sọ fún yín pé òun ò fẹ́ ohun tó kéré sí 4. Á kọ́kọ́ máa gbóná, á máa pa ara rẹ̀, lẹ́yìn náà kò ní tàn mọ́. Ínṣì 15 yẹn lẹ́ lè lò lóun nìkan. Tówó bá tún dé, ẹ wá 8 ohm mìíràn tó jọ ti àkọ́kọ́, méjèèjì á di 4 géérégé.

Wáyà tó máa ti head lọ sí àpótí, ẹ ra ti sípíkà gan-an, Speakon (irú ẹnu wáyà sípíkà kan) tó bá ní ihò rẹ̀. Ẹ má fi wáyà gìtá ṣe é bí ẹnu wọn tilẹ̀ jọra, okùn inú rẹ̀ tín-ín-rín jù, gbígbóná ló máa gbóná. Ẹ gba rìsíìtì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fi lè dá a padà sórí rẹ̀.