Físíìsì ni àbí Lítíréṣọ̀? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi obìnrin yege ìdánwò àṣewọlé ilé-ìwé kan níbí n'Ílọrin tí kì í gba ọmọ púpọ̀. SS1 ló ń wọ̀. Inú wa ń dùn títí fọ́ọ̀mù fi dé: ká mú iṣẹ́ mẹ́sàn-án, ká dá a padà lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá rẹ̀ ní dókítà lòun fẹ́. Ẹni tó máa ka ìṣègùn ní yunifásítì kò lè ṣe kó má ní Físíìsì, Kẹ́mísírì àti Bàọ́lọ́jì, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n Lítíréṣọ̀ lọmọ fẹ́ràn, lọ́yà ló ń pe ara rẹ̀. Ó kọ Físíìsì, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, títí bébà fi fẹ́ẹ̀ lu. Epo wàrà tí mò ń dín náà ti ta sí etí fọ́ọ̀mù náà (ẹ má bá mi wí).

Wákàtí kan náà ni wọ́n ń kọ́ méjèèjì, kò ṣeé mú pọ̀. Ìṣirò rẹ̀ sì dáa gan-an, òun ló ń dà mí láàmú.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín ti gba ibẹ̀ kọjá, tó bá bẹ̀rẹ̀ sáyẹ́ǹsì, ṣé wọ́n á jẹ́ kó sún sí áàtì lẹ́yìn táàmù kìíní? Báwo ni mo sì ṣe máa gbé e kalẹ̀ fún bàbá rẹ̀ tí kò fi ní dìjà?