Ta ni tìrẹ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Monty Python? Ẹ wá sọ ìrírí yín

Bàbá Ìkómọ, London

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Níbi ìkómọ kan ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ́ sílẹ̀. Oúnjẹ tán, ọ̀rọ̀ ò tán, ni mo bá ní kí n gbé e wá síbí.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ọba lè má mọ ẹgbẹ́ aláwàdà yìí. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 1969 ni BBC kọ́kọ́ gbé eré wọn, Flying Circus, jáde. Ẹni mẹ́fà ni wọ́n. Graham Chapman, John Cleese àti Eric Idle kàwé ní Cambridge. Terry Jones àti Michael Palin ka tiwọn ní Oxford. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Terry Gilliam ní tiẹ̀, òun ló ń ṣe àwọn àwòrán tó ń rìn láàárín eré. Kí eré orí tẹlifíṣọ̀n náà tó parí ní 1974, apá 45 ni wọ́n ti ṣe. Wọ́n sì tún ṣe fíìmù.

Ẹ sọ ẹni tí ẹ yàn, kí ẹ sì sọ ohun tí ojú yín rí tí ẹ fi yàn án. Orúkọ lásán ò tó o.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Terry Jones ni tèmi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe. Bàbá òyìnbó kan wà lọ́dọ̀ wa, tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àìsàn ọpọlọ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Iyè wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ o: wọ́n mọ̀ mí, wọ́n mọ àsìkò tíì, wọ́n mọ òṣìṣẹ́ tí ọwọ́ ẹ̀ le. Ọ̀rọ̀ gan-an ni kì í jáde. Wọ́n á la ẹnu, wọ́n á máa wá a, ojú wọn á pọ́n, nígbà tó bá yá wọ́n á mi orí, wọ́n á dákẹ́.

Ọmọbìnrin wọn gbé fíìmù Life of Brian wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó ní kí n jókòó tì wọ́n. Fíìmù 1979 ni. Ó dá lórí Brian, ọmọ tí wọ́n bí sí ibùjẹ ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n bí Jésù sí. Nígbà tó dàgbà, àwọn èèyàn dì mọ́ ọn pé òun ni Mèsáyà. Ó ń sá, wọ́n ń lé e. Jésù náà wà níbẹ̀, ó ń wàásù lórí òkè, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá ni wọ́n mú wa lọ, àwọn tí ìwàásù ò dé etí wọn dáadáa, tí wọ́n ń gbọ́ ọ ní òdì, tí wọ́n sì ti ń bára wọn jà. Mo ti jókòó sẹ́yìn rí níbi àpéjọ ńlá ní àgọ́ lójú ọ̀nà Ìbàdàn, níbi tí ohùn sípíkà ò dé. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Ó wá kan àárọ̀ tí ogunlọ́gọ̀ èèyàn dúró sábẹ́ fèrèsé Brian. Ìyá rẹ̀ yọ orí síta, ó fi ohùn tín-ín-rín jágbe mọ́ wọn pé kò sí Mèsáyà kankan níbí, ọmọ aláìgbọràn kan ló wà níbí. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà le débi pé tíì inú ife wọn dà sórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n na ìka sí tẹlifíṣọ̀n, ètè wọn gbọ̀n, ó sì jáde: "Terry."

Mo wo ọmọ wọn, ọmọ wọn wò mí. Àwa méjèèjì la bú sẹ́kún.

Terry Jones ló ṣe ìyá yẹn. Òun kan náà ló darí fíìmù ọ̀hún látòkè délẹ̀. Colwyn Bay ní Wales ni wọ́n ti bí i ní 1942. Ọ̀pọ̀ eré aláwàdà ayé ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ kan ni wọ́n máa ń sáré lọ bá níparí, tí wọ́n bá ti sọ ọ́, eré ti tán nìyẹn. Jones ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí eré kan máa ṣàn wọnú òmíràn, kí wọ́n já a sílẹ̀ níbi tó bá wù wọ́n, kí àwòrán Gilliam sì gbà á lọ. Ohun tó mú Python yàtọ̀ sí àwọn yòókù nìyẹn, àwọn tó ń pariwo Cleese kì í sì í rántí ẹni tó jà fún un. Òpìtàn tún ni. Ó kọ ìwé lórí jagunjagun inú ewì Chaucer ní 1980, ó sì ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n lórí àwọn ogun Crusade.

Ọmọ bàbá ló sọ fún mi pé irú àìsàn tó ń ṣe bàbá òun ló mú Terry Jones. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà tún kóra jọ ní gbọ̀ngàn O2 ní London, ní oṣù Keje 2014, ọ̀rọ̀ eré ò dúró sí i lórí mọ́. Ní 2016 wọ́n kéde pé àìsàn tó ń jẹ ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbé nínú ọpọlọ ló ń ṣe é. Ọdún náà ni BAFTA ilẹ̀ Wales, ẹgbẹ́ tó ń bu ọlá fún àwọn oníṣẹ́ fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Michael Palin ló gbé e lé e lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló sì bá a sọ̀rọ̀. Ẹ wo ẹni tó fi ọ̀rọ̀ jẹun ní gbogbo ayé rẹ̀! Ó kú ní oṣù Kìíní 2020, lẹ́ni ọdún 77.

Palin ò yé lọ wò ó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Palin sọ pé lọ́jọ́ kan òun mú ìwé ẹ̀fẹ̀ kan tí àwọn méjèèjì jọ kọ láyé ọjọ́un, òun ń kà á sí i létí. Jones, tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. Ibi tí Jones fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nìkan ló sì ń pa á lẹ́rìn-ín.

Bí a bá gba arúgbó tuntun báyìí, kí n tó bi ẹbí léèrè oúnjẹ tó fẹ́ràn, mo máa ń béèrè ohun tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín.

Ọmọ Pásítọ̀, Croydon

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ìtàn yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n fíìmù yẹn ò lè wọ ilé wa. Wọ́n kan àwọn èèyàn mọ́ igi níbẹ̀, àwọn yẹn sì ń kọrin, wọ́n ń súfèé. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dìde kúrò nídìí rẹ̀. Èmi ò yan ẹnì kankan nínú wọn.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Àbúrò mi, mi ò bínú rárá. Ìwọ nìkan kọ́. Norway àti Ireland ò jẹ́ kí wọ́n fi fíìmù náà hàn nígbà tó jáde, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Britain náà fòfin dè é. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí yà á pàápàá, ilé iṣẹ́ EMI tó fẹ́ náwó sí i ti fà sẹ́yìn. George Harrison, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, ló gbé owó kalẹ̀ nítorí ó wù ú láti wò ó. Ní oṣù Kọkànlá 1979, Cleese àti Palin jókòó lórí BBC pẹ̀lú Bíṣọ́ọ̀bù Southwark àti akọ̀ròyìn Malcolm Muggeridge, àwọn àgbà méjì yìí sì fi ọ̀rọ̀ nà wọ́n. Palin tó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, inú bí i lọ́jọ́ náà. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà náà pẹ́ dé ibi tí wọ́n ti wo fíìmù ọ̀hún. Wọn ò rí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, níbi tó ti hàn gbangba pé Jésù wà lọ́tọ̀, Brian wà lọ́tọ̀.

Ti bàbá rẹ ò jọ tiwọn. Mi ò ní bá ọ fà á.

Akólòlò, Peckham

Michael Palin.

Ẹ ti rí orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí. Láti kékeré ni mo ti ń kólòlò. Nílé ìwé ní Ìjẹ̀bú, bó bá kan èmi láti kàwé sókè, kíláàsì á ti máa rẹ́rìn-ín kí n tó dìde. Lẹ́tà "b" ló máa ń há mi lọ́fun jù, òun sì ni orúkọ bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Àwọn tó ń pa òwe yẹn fún mi kì í dúró kí n pè é tán.

Akólòlò ni bàbá Palin, ẹnjiníà ní Sheffield. Nígbà tí Palin ṣe Ken, akólòlò inú fíìmù A Fish Called Wanda, ní 1988, ohun tó mọ̀ lára bàbá rẹ̀ ló gbé wọ inú eré náà. Àwọn akólòlò kan bínú sí fíìmù ọ̀hún. Inú ò bí èmi. Mo rí bí ọrùn rẹ̀ ṣe ń le, bí ojú rẹ̀ ṣe ń sá kúrò lójú ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Èèyàn ò lè mọ ìyẹn láìjẹ́ pé ó ti bá akólòlò jẹun lórí tábìlì kan náà fún ọdún púpọ̀.

Ní 1993 wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tó ń kólòlò ní London, Palin sì gbà kí wọ́n fi orúkọ òun pè é. Ọmọ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí kólòlò. Ìlànà ibẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ èmi àti ìyá rẹ̀: ìṣẹ́jú márùn-ún, ìwọ àti ọmọ nìkan, ohun ìṣeré tí ọmọ fúnra rẹ̀ yàn, kò gbọdọ̀ sí fóònù, kò gbọdọ̀ sí ìbéèrè lórí ìbéèrè. Wọ́n ya fídíò wa níbi tí a ti ń ṣeré, wọ́n sì jẹ́ ká wò ó. Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé ìgbà tí ohùn wa bá falẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ máa ń jáde geere.

Ẹ wá wo eré ayékòótọ́ tí wọ́n ṣe nínú Flying Circus. Gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún Cleese, oníbàárà tó gbé òkú ẹyẹ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wo Palin lẹ́yìn káńtà. Ó ní ẹyẹ ń sinmi ni. Ó ní àárò ilé, Norway, ló ń sọ ọ́. Kò sẹ́jú. Ẹni tó bá ti ra jẹnẹrétọ̀ tókúnbọ̀ rí mọ ọ̀gá yẹn dáadáa. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan tí Palin ń gbé mọ́tò lọ bá ni eré ọ̀hún ti ṣẹ̀. Ohun yòówù kó bàjẹ́ lára mọ́tò náà, ọkùnrin yẹn á ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Mọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é ní 1968, Chapman ló ní kó di ayékòótọ́.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Channel 5 fi ìrìn àjò Palin sí Nàìjíríà hàn ní 2024, mo pe gbogbo ilé jókòó. Ẹni ọgọ́rin ọdún, tí ìyàwó tó ti fẹ́ láti 1966 kú lọ́dún tó ṣáájú, ló ń rìn nínú oòrùn Èkó yẹn. Ó ń bi èèyàn ní ìbéèrè, ó sì ń dúró gbọ́ ìdáhùn títí wọ́n á fi sọ ọ́ tán. Ìdúró yẹn ni mo fi yàn án.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Stirling

Ẹ fi Graham Chapman sílẹ̀ fún mi.

Ilé olódi Doune ò jìnnà sí wa níbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya púpọ̀ nínú fíìmù wọn, Monty Python and the Holy Grail, ní 1974. Owó ẹṣin ò sí lọ́wọ́ wọn, ni ìránṣẹ́ ọba bá ń gbá ìkarahun àgbọn méjì mọ́ra wọn, kó lè dún bíi pátákò ẹṣin. Mo kó àwọn ọmọ mi lọ. Ohùn Terry Jones ni wọ́n fi ń ṣàlàyé ibẹ̀ sí àlejò létí (Ìyá Ìbejì, ẹ wá gbọ́ ọ!), àwọn àgbàlagbà tó ti òkèèrè wá sì ń gbá àgbọn yí àgbàlá po. Àwọn ọmọ mi ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́.

Chapman ni Ọba Arthur. Gbogbo àwọn tó kù ń ṣe wérewère, òun nìkan ló dúró bí ọba tòótọ́. Bí kò bá dúró bẹ́ẹ̀, wérewère yẹn ò ní ibi tí yóò fẹ̀yìn tì. Dókítà ni, ilé ìwòsàn St Bartholomew's ló ti kọ́ṣẹ́. Lásìkò tí wọ́n ń ya fíìmù náà, ọtí ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n lórí òkè Scotland. Kí wọ́n tó lọ ya Life of Brian ní Tunisia, ó ti já ọtí sílẹ̀. Òun ló ṣe Brian, bí ara ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ò bá sì yá, òun náà ni dókítà. Ẹ̀gbọ́n mi kan bá ọtí ja irú ìjà yẹn. Mo mọ ohun tó ń ná ni.

Jẹjẹrẹ pa á ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 1989, ó ku ọ̀la kí Python pé ogún ọdún. Ẹni ọdún 48 ni. Níbi ètò ìrántí rẹ̀, Cleese mú ọ̀rọ̀ inú eré ayékòótọ́ tí àwọn méjèèjì jọ kọ, ó fi ṣe ìdágbére fún un. Lẹ́yìn náà Eric Idle dá orin ìparí Life of Brian, àwọn tó wà níbẹ̀ sì gbè é. Orin tí ò tẹ́ àbúrò wa ní Croydon lọ́rùn náà ni. Mi ò rí ibòmíràn tí wọ́n ti fi ẹ̀rín sin ẹni tí kò tíì dàgbà bẹ́ẹ̀ rí.

Ayàwòrán, Hackney

Gilliam ni tèmi, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹsẹ̀ ńlá tó máa ń já bọ́ látòkè tó ń tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ eré wọn, inú àwòrán Bronzino, ará Florence, ló ti gé e. Nǹkan bí ọdún 1545 ni Bronzino yà á. Ẹsẹ̀ Cupid, òrìṣà ìfẹ́ àwọn ará Róòmù, ni. Gígé àwòrán lẹ̀ mọ́ra ni èmi náà fi ń jẹun, nítorí náà mo lọ dúró níwájú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá, Venus, ìyá Cupid, tó wà láàárín ni wọ́n ń wò. Ìsàlẹ̀ pátápátá lápá òsì ni ẹsẹ̀ náà wà, ẹyẹlé wà nítòsí rẹ̀, ó kéré gan-an sí bó ṣe rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Nínú gbogbo ohun tó kún inú àwòrán yẹn, ẹsẹ̀ ni Gilliam rí. National Gallery ni o, ní Trafalgar Square, wọn kì í gba owó ìwọlé.