Bẹ́líìtì oníná lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Aláàdìrẹ, Ìtòkú:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta. Nígbà tí dókítà kọ ẹ̀rọ yìí fún mi, ìgbàjá oníná tí wọ́n ń dè mọ́ ẹ̀yìn kí egungun tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lè so pọ̀, mo wá ẹni tó ti lò ó títí, mi ò rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ tèmi síbí. Ẹni tó bá ti lò ó, kó wá kún un.

Ìdí ìkòkò aró ni mo ti lo ayé mi. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àdìrẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ló ń jẹ ẹ́: ẹ ó bẹ̀rẹ̀ ti aṣọ bọ aró, ẹ ó fà á yọ tòun ti gbogbo omi tó mu, ẹ ó tún tì í padà. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Mi ò lè rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ibi tí mo ti ń wọ kẹ̀kẹ́ kí n má jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn mi, wọ́n ní egungun kan ti yọ̀ síwájú lórí ìkejì, ó sì ń tẹ iṣan mọ́lẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Síkúrù mẹ́rin, ọ̀pá irin méjì, wọ́n sì bu egungun díẹ̀ níbi ìbàdí mi, wọ́n kó o sáàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ kó so pọ̀. Dókítà ní kí n má gbójú lé irin o. Ó ní irin yẹn dà bí igi tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kìn ró kí kọnkéré tó gbẹ ni. Tí egungun ò bá hù kó so, lọ́jọ́ kan irin á tú tàbí kó dá. Egungun àwa tá a ní ìtọ̀ ṣúgà sì máa ń lọ́ra, ló bá ní ká fi ẹ̀rọ kún un. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà ló bá mi wá a. Ó pẹ́ kó tó rí i, torí lọ́hùn-ún, ìwé dókítà ni wọ́n fi ń gbà á.

Ẹ jẹ́ n júwe ẹ̀. Ó rí bí ìgbàjá. Wáyà tí wọ́n ká róbótó wà nínú ẹ̀ níbi ẹ̀yìn, àpótí kékeré kan tó ní ojú bíi ti fóònù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo lè dè é lé orí bùbá, kò dìgbà tó bá kan ara. Wákàtí méjì lójúmọ́ ni wọ́n kọ fún mi.

Alẹ́ àkọ́kọ́, mo dè é, mo tẹ bọ́tìnì, mo di etí bẹ́ẹ̀dì mú, mò ń retí kí iná ta mí. Ó dún "pí-ìn", ó dákẹ́. Mo retí, retí. Kò gbóná, kò tutù, kò ta. Nígbà tí wákàtí méjì pé, ó tún dún, ó parí. Mo pe ọmọ mi lóru ọjọ́ náà pé wọ́n ti lù ú ní jìbìtì.

Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń tajà tún wá dá kún un. Ó ní, "Wò ó, lọ́dọ̀ oníṣègùn eegun, wọ́n á ṣẹ́ adìyẹ lẹ́sẹ̀, wọ́n á máa tọ́jú ẹ̀, bí tadìyẹ bá ti jinná, tèèyàn ti jinná nìyẹn. Wọ́n ṣáà ń rí adìyẹ. Kí ni ìwọ ń rí?" Mo rẹ́rìn-ín títí ojú abẹ fi ń dùn mí.

Ẹni tó ń bá mi ṣe fisió ló là mí lóye. Ó ní lọ́dún 1957, àwọn ọmọ Japan méjì, Fukada àti Yasuda, fi hàn pé tí wọ́n bá tẹ egungun, iná tí ò tó nǹkan máa ń jáde lára ẹ̀. Bá a ṣe ń rìn, tá a ń gbẹ́rù, irú àmì bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń sọ fún egungun pé ibi báyìí ni kó ti nípọn. Èmi tí wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, n ò gbọ́dọ̀ gbé korobá omi, níbo ni àmì á ti wá? Agbára òòfà ni ìgbàjá yìí fi ń sín in jẹ. Òòfà kì í sì í ta èèyàn. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni mo tó fọkàn bá a lọ.

Iná ló wá kù. Bátìrì ẹ̀ ń fẹ́ ṣááji, tiransifọ́mà àdúgbò wa sì bàjẹ́ odidi ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ-ọmọ mi ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù bábà tó ń tan jẹnẹrétọ̀. Bábà á tì í sáàárín fóònù àwọn èèyàn, ó wá lẹ bébà mọ́ ọn, ó kọ "Ìgbàjá Màmá" sí i, kó má baà gbé e fún ẹlòmíì.

Oṣù kẹta, ẹ́síréè ò fi nǹkan gidi kan hàn. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Oṣù kẹfà, nǹkan funfun kan ti ń hàn bí ìkùukùu láàárín egungun méjèèjì. Oṣù kẹsàn-án, dókítà fi bírò tọ́ka sí i lójú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Màmá, kọnkéré ti gbẹ."

Oníkẹ̀kẹ́, Láfẹ́nwá:

Màmá, ẹ kú oríire. Èmi ni kí wọ́n bú. Nígbà tí mo gbọ́ iye tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ yìí, mo ní ká má rí i. Mo wá rí ọ̀kan tówó ẹ̀ ò ga lọ́jà, wáyà mẹ́rin, ìlẹ̀mọ́ra mẹ́rin, ẹni tó ń tà á ní "ti ẹ̀yìn ni, bọ̀ọ̀dá." Yéè! Ìyẹn ń ta o! Ẹran ara mi ń fò pì-pì-pì, ìrora sì ń lọ. Mo ní ẹ̀rí rèé.

Àṣé TENS ni wọ́n ń pè é. Ìrora ló wà fún, iṣan ló ń bá ṣeré. Kò kan egungun rárá. Bí ìrora ò ṣe sí, mo ti padà sórí kẹ̀kẹ́ ní ọ̀sẹ̀ keje lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tèmi, nínú gbogbo kòtò ọ̀nà yìí, mo sì ń fa sìgá mi lọ. Dókítà ti kìlọ̀ sìgá kí wọ́n tó gbé mi wọ tíátà, pé kì í jẹ́ kí egungun so. Síkúrù méjì ló tú. Wọ́n tún mi là. Mi ò fa sìgá mọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbarà:

Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tó ń mú kí ọkàn máa lù sí láyà, kó má fọwọ́ kan ìgbàjá yìí láìbi dókítà ọkàn ẹ̀. Òòfà lè dà á rú. Aboyún náà, kó kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ má sì ra tòkunbọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe é fún, ó ń ka ọjọ́, bí ọjọ́ ẹ̀ bá pé, ó parí. Àbúrò mi ra ọ̀kan. Ó tàn, ó dún, ó kú.

Tíṣà, Àṣẹ́rò:

Tèmi kì í ṣe ìgbàjá, kì í sì í ṣe TENS; ti egungun lòun náà. Àpótí bátìrì kékeré ni mò ń fi há bẹ́líìtì ṣòkòtò, wáyà méjì ló jáde lára ẹ̀, ìlẹ̀mọ́ra méjì ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì. Tọ̀sán-tòru ni, àfi tí mo bá fẹ́ wẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ooru oṣù kẹta ní Abẹ́òkúta, tí àpáta á gba oòrùn lọ́sàn-án tí á máa pọn ọ́n jáde lóru. Òógùn á kó gbogbo ìlẹ̀mọ́ra kúrò. Mo ń kọ iṣẹ́ sójú pátákó lọ́jọ́ kan, ọ̀kan já bọ́ láti abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, ó ń fi dirodiro nídìí wáyà. Ọmọ kan ní, "Sà, ìrù yín ti jáde." Kíláàsì tú ká.

Egungun mi so. Ṣùgbọ́n mi ò lè búra pé ẹ̀rọ ló ṣe é. Ọkùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ò lo nǹkan kan, tiẹ̀ náà so. Àwọn dókítà gan-an ò fẹnu kò lórí ẹ̀: òmíràn ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹni tí tiẹ̀ lè lọ́ra, òmíràn ní owó ẹ̀ ti pọ̀ jù fún ìwọ̀nba ohun tí wọ́n tíì rí.

Ìyá Aláàdìrẹ:

Tíṣà, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di ẹ̀yìn mú. Òótọ́ lẹ sọ, èmi náà ò lè búra. Mo ṣáà mọ̀ pé wákàtí méjì yẹn ló ń mú mi jókòó jẹ́ẹ́ lálẹ́, kò sẹ́ni tó lè ní kí n wá ràn án lọ́wọ́ nǹkan.

Oníkẹ̀kẹ́, ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ojú abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì ńkọ́?

Oníkẹ̀kẹ́, Láfẹ́nwá:

Ó ti jinná, Màmá. Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ti padà sídìí aró?

Ìyá Aláàdìrẹ:

Mo ti padà, ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀rẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n to búlọ́ọ̀kù mẹ́ta mẹ́ta sábẹ́ báàfù aró, ó ti ga dé ìgbáròkó mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ó dà bí pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì.