Ẹ̀rọ omi gbígbóná abẹ́ síǹkì: ó ń kán, ẹ̀bà ò sì jinná

Ìyá Ẹ̀níọlá (Thamesmead)
Ẹ kú ilé o. Ta ló ní ẹ̀rọ omi gbígbóná tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ síǹkì nínú yín? Ọkọ mi ló rà á nígbà tí a tún kíṣìnì ṣe. Ó ní ayé kẹ́tù ti lọ. Mo dákẹ́, owó rẹ̀ ṣáà ni.

Ó ń kán. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án láàárọ̀, omi á ti máa já tó, tó, tó sínú síǹkì. Tí mo bá ṣí i, á kọ́kọ́ pòṣé, á tutọ́, èéfín á bo jígí ojú mi kí omi tó ṣàn. Ìyẹn ṣì kéré. Gààrí tí màmá mi fi ránṣẹ́ láti Ṣàgámù, mo da omi rẹ̀ sí i, mo dé e, mo rò ó: kókó! Ó ń ró wọ́rọ́wọ́rọ́ lábẹ́ eyín. Ọkọ mi ní ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi tó ti ń tẹ̀bà láti kékeré!

Ṣé kì í jẹ iná jù ni, bó ṣe ń gbóná tọ̀sán-tòru yẹn?

Púlọ́ńbà Woolwich
Àǹtí, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ mi nìyí. Irú kan wà tí àgbá rẹ̀ kì í dé gbọin. Omi máa ń fẹ̀ tó bá ń gbóná, ẹnu ẹ̀rọ nìkan ló sì lè gbà jáde. Àgbá lítà 3 tí omi tútù kún inú rẹ̀, tó bá fi máa hó, á ti omi tó bí ìdajì ife síta. Tó bá kán díẹ̀ tó sì dáwọ́ dúró, kò sí wàhálà. Tó bá ń kán látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó lè jẹ́ pé rọ́bà inú rẹ̀ ti jẹ, tàbí kí èépá há a lẹ́nu.

Omi Lọ́ńdọ̀nù le, ẹ̀yin náà mọ bí ọṣẹ kì í ṣe é tètè hó. Ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà kọjá, òun ló ń di èépá funfun nídìí kẹ́tù. Òun náà ló sábà ń fa títutọ́ yẹn. Ẹ wo asẹ́ rẹ̀: ọ̀pọ̀ ìwé tó ń bá ẹ̀rọ wá ní ká pààrọ̀ rẹ̀ lóṣù 6-6. Ṣùgbọ́n asẹ́ tó ń yọ òórùn kílórìn nìkan ò lè mú èépá. Ẹ má sì fọ àgbá náà láìpa iná kó sì tutù.

Alákàrà Peckham
Ìyá Ẹ̀níọlá, ọwọ́ yín kọ́. Omi tó ń hó ni gààrí ń fẹ́, kì í ṣe omi tó gbóná. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń yí ooru rẹ̀, bóyá 90°C ni wọ́n gbé e sí, á sì tún tutù díẹ̀ kó tó dé inú abọ́. Èmi, inú ìkòkò ni mo ń pọn tèmi sí, mo gbé e kaná. Kí n tó rí ọmọrogùn, ó ti hó, mo ro àmàlà mi.

Púlọ́ńbà Woolwich
Òótọ́ ni, àmọ́ tí ẹ bá yí i sókè jù, títutọ́ yẹn á le sí i. Tọmọdé bá wà nílé, ẹ rí i pé ó ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó tó ṣí.

Bàbá Gíláàsì
Ti iná: èyí tó ń jẹ wáàtì 40 láti máa gbóná lásán, á jẹ nǹkan bí yúníìtì 1 lójúmọ́. Kẹ́tù wáàtì 3000 ń se lítà 1 ní bí ìṣẹ́jú 2, ìdá kan nínú mẹ́wàá yúníìtì. Ilé tí wọn ò ti ń mu tíì púpọ̀, kẹ́tù ló dáa jù.

Ìyá Ẹ̀níọlá (Thamesmead)
Ẹ ṣeun o. Mo wò ó, 88 ni wọ́n gbé e sí! Mo ti fi ohun tí Bàbá Gíláàsì kọ han olówó ilé, ó ní òun ń wo bọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Púlọ́ńbà, èló ni ẹ ó gbà láti wá wo rọ́bà yẹn? Ẹ má wulẹ̀ bá mi dúnàádúrà, òun ló máa san án.